Káàdì cash back tí owó ọdọọdún rẹ̀ jẹ́ $95: ṣé kí n gbà á àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá Tèmídayọ̀ (Maryland)

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. American Express, ilé iṣẹ́ káàdì, kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá gba káàdì cash back wọn kan (èyí tó ń dá díẹ̀ padà nínú owó tí a bá ná) tó ń jẹ́ Blue Cash Preferred. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí: 6% nínú owó tí mo bá ná ní súpámákẹ́ẹ̀tì yóò padà sọ́wọ́ mi, títí ọjà tí mo rà yóò fi pé $6,000 lọ́dún, lẹ́yìn ìyẹn ó di 1%. Ní ilé epo, 3%. Lórí Netflix àti irú wọn, 6%. N kò ní san owó ọdọọdún lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún kejì lọ, $95 ni. Tí mo bá sì ná $3,000 láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, wọ́n á fún mi ní $250.

Ènìyàn márùn-ún ni wá nílé, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti dàgbà tó ẹni tó ń jẹun gidi. Oúnjẹ wa tó $700 lóṣù. Mo ṣírò rẹ̀ pé $700 ní oṣù 12 jẹ́ $8,400, ó ti kọjá $6,000 tí wọ́n dá, nítorí náà $360 ni 6% yẹn máa fún mi lọ́dún. Tí mo bá yọ $95 kúrò, $265 ló kù. Mo ti ní káàdì Visa kan tó ń dá 2% padà fún mi lórí gbogbo ohun tí mo bá rà, kò sí owó ọdọọdún lórí rẹ̀, mo sì máa ń san gbèsè rẹ̀ tán lóṣooṣù.

Ọkọ mi ní òun kò rí báńkì tó ń fúnni lówó lásán rí, kí n fa lẹ́tà náà ya. A sì tún ń gbèrò láti ra ilé lọ́dún tó ń bọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Àkànbí Houston

Ẹ tètè gbà á, Ìyá Tèmídayọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ kò ní owó, $250 tún wà lórí rẹ̀, kí lẹ tún ń rò? Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ pa káàdì náà dé, ẹ máa lọ. Èmi kì í san owó ọdọọdún fún báńkì kankan.

Adùnní Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Tèmídayọ̀, ẹ ṣe ìyọkúrò yín dáadáa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: ibo gan-an lẹ ti ń ra oúnjẹ $700 yẹn? Súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Giant, Safeway, ShopRite, Kroger, Publix wà níbẹ̀. Walmart àti Target kò sí níbẹ̀. Kódà kó jẹ́ ẹran àti tòmátì nìkan lẹ rà ní Walmart, 1% lẹ máa gbà. Costco, Sam's Club àti BJ's náà kò sí níbẹ̀. Ti Costco tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti oṣù kẹfà ọdún 2016, Visa nìkan ni káàdì kírẹ́díìtì tí wọ́n ń gbà nínú ilé ìtajà wọn ní Amẹ́ríkà. Ẹ kò lè fi American Express ra àpò ìrẹsì kan níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ńkọ́, níbi tí a ti ń ra èlùbọ́, ẹ̀gúsí, epo pupa àti pọ̀nmọ́? Ìyẹn kò ní ìdáhùn kan. Nígbà tí onísọ́ọ̀bù bá gba ẹ̀rọ tó fi ń gba káàdì, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà kan sí i tó ń sọ irú òwò tó ń ṣe. 5411 ni ti súpámákẹ́ẹ̀tì. 5499 ni ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kéékèèké tó kù. Nọ́ńbà yìí ni báńkì ń wò, kì í wo ohun tó wà nínú àpò ọjà yín. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà méjì lójú pópó kan náà, ọjà kan náà ni wọ́n ń tà, ọ̀kan ń fúnni ní owó súpámákẹ́ẹ̀tì, èkejì ń fúnni ní 1%.

Bí ẹ ṣe lè mọ ti yín: ẹ fi Visa tí ẹ ní lọ́wọ́ ra nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ ṣí áàpù báńkì yín lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ tẹ ọjà náà, ẹ wo irú òwò tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ "Grocery" ni wọ́n kọ, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, torí ó sábà máa ń rí bákan náà lórí káàdì mìíràn.

Ìyá Tèmídayọ̀ (Maryland)

Háà! Adùnní, o ṣeun gan-an. N kò mọ ọ̀rọ̀ Costco yìí. Ó dára, bí owó náà ṣe pín lóṣù nìyí: Giant $300, Costco $250, ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà $150. Epo ọkọ̀ àwa méjèèjì, $200.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Atlanta

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iye tí ẹ kọ yìí la nílò. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ má fi káàdì tuntun wé òfo. 2% tí ẹ ti ń gbà lọ́wọ́ lẹ máa fi wé. Ibẹ̀ ni lẹ́tà báńkì ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí wọn kò ní bá yín yọ ohun tí ẹ ti ní.

Giant jẹ́ $3,600 lọ́dún. Káàdì tuntun á fún yín ní $216 lórí rẹ̀. Visa yín ń fún yín ní $72 lórí owó kan náà báyìí. Èrè tuntun jẹ́ $144. Ẹ yọ $95 kúrò, ó ku $49. Epo jẹ́ $2,400 lọ́dún. 3% rẹ̀ jẹ́ $72, 2% tí ẹ ń gbà jẹ́ $48, ẹ fi $24 lé e. Gbogbo rẹ̀ wá di $73 lọ́dún kan. $265 tí ẹ rí tẹ́lẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Wàyí o, káàdì yìí ní àbúrò, Blue Cash Everyday. Kò sí owó ọdọọdún lórí rẹ̀. 3% ní súpámákẹ́ẹ̀tì, 3% ní ilé epo, 3% lórí ọjà tí a bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé $6,000 lọ́dún. Tí ẹ bá fi òun wé Visa yín: $36 lórí Giant, $24 lórí epo, $60. Ẹ wò ó dáadáa, mà. $73 àti $60. $13 ló wà láàárín èyí tí ẹ máa san $95 lé lórí àti èyí tí ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé lórí.

Ṣùgbọ́n tí ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà yín bá wà lábẹ́ 5411, ìtàn yí padà. $1,800 wọlé sí i. Preferred á wá di $145, Everyday á di $78. $67 kì í ṣe owó tí a ń dà nù. Nítorí náà ìdánwò tí Adùnní sọ yẹn, ẹ ṣe é kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí: láàárín Preferred àti Everyday, ibi tí wọ́n ti ṣe déédéé lórí ọjà súpámákẹ́ẹ̀tì ni nǹkan bíi $3,167 lọ́dún, ìyẹn bíi $61 lọ́sẹ̀. Tí ìnáwó yín ní súpámákẹ́ẹ̀tì gidi kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má san owó ọdọọdún fún un.

Ìyá Àgbà Providence

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ìṣirò yín dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ èlé.

Ọmọ àbúrò mi kan wà níbí, ọmọ tó níwà, tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Torí $200 tí wọ́n ní àwọn á fún un ló ṣe gba káàdì. Ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ dé, aṣọ ẹbí, ilé àpèjẹ, oúnjẹ, orí káàdì ni gbogbo rẹ̀ wà. Báńkì ní kó san owó táṣẹ́rẹ́ kan lóṣù náà, ó san án, ó rò pé òun ti ṣe ohun tó yẹ. Kò mọ̀ pé owó táṣẹ́rẹ́ yẹn kàn ń mú kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ òun sí búburú ni, èlé ń gun gbèsè tó kù lọ. Èlé káàdì ní orílẹ̀-èdè yìí ti kọjá 20% lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá jẹ $2,000 ní 24%, bíi $40 ni èlé rẹ̀ lóṣù kan ṣoṣo. Ìyá Tèmídayọ̀, $73 tí wọ́n ṣírò fún ọ yẹn, oṣù méjì péré ló máa gbé e mì.

Àwa tí a tọ́ yín, àjọ la dá, ẹ̀rù owó olówó sì máa ń bà wá. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni mo fara mọ́. Fa lẹ́tà náà ya.

Bàbá Ìbejì Chicago

Mà, ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ìyá Tèmídayọ̀ sọ pé lóṣooṣù lòun ń san gbèsè tán. Ẹni tó bá san gbogbo iye tó wà nínú ìwé ìṣirò oṣù kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá, kò sí èlé kankan fún un lórí ọjà tó rà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 21 ló ní láti fi san án. Kí ó ṣètò pé kí àkáǹtì rẹ̀ máa san gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kó má sì tẹ ibi tí wọ́n kọ "minimum" sí, ìyẹn owó táṣẹ́rẹ́ tí Ìyá Àgbà sọ. Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan tó ju cash back lọ. Ní Kérésì kan, ẹnì kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn ará wa gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Àwọn tó fi Zelle (ètò tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láti àkáǹtì báńkì kan sí òmíràn) ránṣẹ́ kò rí nǹkan gbà padà, torí owó tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ báyẹn ṣòro láti gbà padà. Àwọn tó fi káàdì kírẹ́díìtì san án kọ̀wé sí báńkì wọn, wọ́n sì dá owó wọn padà. Òfin ló fún wọn ní ẹ̀tọ́ yẹn, láti ọdún 1974: ohun tí o sanwó fún tí wọn kò fún ọ, o lè takò ó láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ìwé ìṣirò tó kọ́kọ́ gbé owó náà bá jáde. Èmi kì í fi Zelle ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó mọ́ láé.

Láoyè Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ìbéèrè ni mo ní. Níbí, tí mo bá fi ATM káàdì mi rajà nídìí POS, kò sẹ́ni tó ń dá nǹkan kan padà fún mi. Báwo ni báńkì ṣe lè fún ènìyàn ní 6% kó má sì wọ gbèsè? Ta ló ń san owó náà?

Ṣadé Peckham

Láoyè, ìbéèrè rẹ dára púpọ̀. Ẹni tó ń ta ọjà ló ń san án. Ní gbogbo ìgbà tí a bá na káàdì, wọ́n ń yọ nǹkan díẹ̀ lára owó onísọ́ọ̀bù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ báńkì tó ni káàdì. Ní Amẹ́ríkà, ó lè ju 2% lọ lórí káàdì kírẹ́díìtì. Ibẹ̀ ni báńkì ti ń rí ohun tó ń pín. 6% yẹn ga ju ohun tí wọ́n ń gbà lọ, ìdí rèé tí wọ́n fi fi òdiwọ̀n $6,000 sí i, tí wọ́n sì ń gba $95. Èlé tí àwọn tó ń jẹ gbèsè ń san ló ń dí ìyókù.

Níbí ní Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejìlá ọdún 2015 ni òfin ti sọ pé ohun tí báńkì máa gbà lórí káàdì kírẹ́díìtì Visa àti Mastercard kò gbọdọ̀ ju 0.3% lọ. Nítorí náà ni ẹ kò ṣe lè rí cash back 2% gbogbo-nǹkan báyẹn lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà náà, òfin ọdún 2010 dín owó tí báńkì ńlá ń gbà lórí káàdì débíìtì kù, cash back sì pòórá lórí ọ̀pọ̀ káàdì débíìtì wọn. Ní Nàìjíríà, owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà lórí POS jẹ́ 0.5%, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000. Kí ni báńkì máa rí pín nínú ìyẹn?

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ọlọ́jà máa ń fi owó náà kún iye ọjà. Ẹni tó ń fi owó lọ́wọ́ rajà, tí kò ní káàdì, ń bá wa san án. Tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ti ará wa, tí ẹ ní owó lápò, ẹ fún un ní owó. Ó máa ṣe é lóore ju bí cash back yẹn ṣe máa ṣe yín lọ.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi Dallas

Àǹtí mi, gbogbo ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ ra ilé lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì dà bíi pé àwọn ènìyàn sáré kọjá ibẹ̀. Ẹ má gba káàdì kankan! Tí ẹ bá bèèrè fún káàdì, wọ́n á yẹ ìwé kírẹ́díìtì yín wò (àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yá owó tí ẹ sì ń san án), máàkì tí wọ́n ń fún yín lórí rẹ̀ á já wálẹ̀, ọdún méjì ni àmì rẹ̀ máa wà níbẹ̀. Ẹni tó ń yá yín lówó ilé á rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Atlanta

Fúnmi, apá kan òtítọ́ lo sọ, jẹ́ kí n tún un ṣe. Lóòótọ́, ọdún méjì ni àmì náà ń wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n oṣù 12 àkọ́kọ́ nìkan ni FICO, ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò máàkì yẹn, ń kà á. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbéèrè kan ṣoṣo kì í mú tó máàkì 5 lọ. Ohun tó wúwo jù ni bí o ṣe ń san gbèsè lásìkò, 35%, àti iye tí o ń jẹ, 30%. Káàdì tuntun kò lè ba ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi Dallas

Bọ̀dá, mo gbà yín gbọ́ lórí máàkì 5. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yáni lówó ilé kì í wo máàkì nìkan. Ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń tọ́jú ìwé kírẹ́díìtì, Equifax, Experian àti TransUnion, ni wọ́n ń gba ìwé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á mú máàkì tó wà láàárín. Tí máàkì náà bá wà létí, tó yẹ kó jẹ́ 740 tó wá di 737, èlé ilé ọdún 30 lè yí padà torí rẹ̀. Wọ́n tún lè ní kí ẹ kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi gba àwìn tuntun. Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé mọ́gééjì (owó tí a yá ra ilé), wọ́n tún máa ń yẹ̀ yín wò kí wọ́n tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Kí ni $73 já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Atlanta

Mo fara mọ́ ọn. Tó bá ku oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ilé, èmi kò ní bẹ̀rù. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró. Káàdì kò ní sá lọ.

Àkànbí Houston

Ẹ̀yin ènìyàn yìí, $250 ńkọ́? Ohun tí a lè ṣe láti tètè ná $3,000 náà tilẹ̀ rọrùn. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé fún àwọn òbí yín lóṣooṣù, ẹ máa fi káàdì náà ránṣẹ́. Owó àjọ náà, ẹ fi san án. Oṣù méjì kò ní pé, ó ti tó.

Adùnní Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí. Mo bẹ̀ yín gan-an ni.

Tí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì fi owó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, báńkì sábà máa ń kà á sí owó tí ẹ yá lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ọjà tí ẹ rà. Wọ́n á gba owó lórí rẹ̀, ó máa ń tó 5%. Èlé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí ọjọ́ 21 tí Bàbá Ìbejì sọ, èlé rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ọjà lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń fowó ránṣẹ́ náà lè fi tiwọn kún un. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, owó tí ẹ yá báyẹn kò wọ inú $3,000, kò sì sí cash back lórí rẹ̀. Àkáǹtì báńkì yín tàbí káàdì débíìtì ni kí ẹ máa fi fowó ránṣẹ́ sílé.

Owó àjọ ńkọ́? Zelle kì í gba káàdì kírẹ́díìtì. Cash App, áàpù mìíràn tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́, ń gbà á, 3% ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀. Ẹ san 3% torí 1%, èrè wo nìyẹn?

Ẹni tó bá fẹ́ ná $3,000 láì ra ohun tí kò nílò, kó dúró de ìgbà tí ìnáwó ńlá tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá dé: tíkẹ́ẹ̀tì ilé ní oṣù kejìlá, owó ìbánigbófò ọkọ̀ oṣù 6, táyà, owó eyín ọmọ. Ìdílé ẹni márùn-ún tó ń lọ sí Èkó, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ti kọjá $3,000.

Àkànbí Houston

Ó ti yé mi. Débíìtì ni èmi fúnra mi fi ń ránṣẹ́, mo rò pé kírẹ́díìtì rí bákan náà ni. Ẹ ṣeun, àbúrò.

Ìyá Tèmídayọ̀ (Maryland)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìkíní: wákàtí díẹ̀ ni mo ń ṣe níbi iṣẹ́ báyìí torí àwọn ọmọ, ọkọ mi ló ń gba owó tó pọ̀ jù. Ṣé owó oṣù tèmi nìkan ni mo lè kọ? Ìkejì: a fẹ́ lọ sílé ní oṣù kejìlá. Ṣé mo lè máa ná káàdì yìí l'Ékòó?

Bàbá Ìbejì Chicago

Ti ìkíní: láti ọdún 2013, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè ka owó tó wọlé sílé tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ná nínú rẹ̀. Tí owó oṣù bàbá àwọn ọmọ bá ń wọ àkáǹtì tí ẹ jọ ní, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ iye tí kò sí; ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni.

Ṣadé Peckham

Ti ìkejì: ẹ fi káàdì yẹn sílé, mà. Wọ́n ń gba 2.7% lórí ohun tí ẹ bá rà lókè òkun, bẹ́ẹ̀ sì ni 6% yẹn wà fún súpámákẹ́ẹ̀tì inú Amẹ́ríkà nìkan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó kò tilẹ̀ ń gba American Express. Ẹ wá káàdì tí kì í gba owó òkè òkun. Quicksilver ti báńkì Capital One jẹ́ ọ̀kan, 1.5% ló ń dá padà, kò sí owó ọdọọdún. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtajà ńlá lẹ máa ti rí i lò. Fún ọjà Bódìjà àti Balógun, náírà ni.

Ìyá Àgbà Providence

Ìyá Tèmídayọ̀, mo gbọ́ àlàyé Bàbá Ìbejì, ó sì yé mi. Fún ìwọ tó ń san tán lóṣooṣù, n kò ní takò ó mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí tí wọn kò tíì lè san tán lóṣooṣù ni mo ń bá wí: ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ báńkì.

Ìyá Tèmídayọ̀ (Maryland)

Èmi àti ọkọ mi ti jókòó sí i lálẹ́ àná. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé ilé ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí i, nítorí náà n kò ní bèèrè fún káàdì kankan títí a ó fi gba kọ́kọ́rọ́. Mo ti fi Visa ra iṣu àti ẹja gbígbẹ ní ṣọ́ọ̀bù wa, "Grocery" ni wọ́n kọ sí i, nítorí náà Preferred ló máa wù mí nígbà náà tí ìnáwó wa bá ṣì rí báyìí. Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ $145 tí kò sì sí gbèsè, òun gbà. Ìbéèrè kan ló kù: tí mo bá wá gbà á, ṣé kí n pa á dé ní oṣù kọkànlá bí ẹ̀gbọ́n Àkànbí ṣe sọ?

Nọ́ọ̀sì Fúnmi Dallas

Ẹ má pa á dé o, àǹtí mi. Gbogbo ọdún tí káàdì náà ti lò ló máa pòórá nínú ìwé kírẹ́díìtì yín lọ́jọ́ náà.

Adùnní Ọmọ Ẹ̀gbá

Fúnmi, kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì tí a pa dé tí a kò jẹ gbèsè lórí rẹ̀ lè wà nínú ìwé títí di ọdún 10, FICO sì ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tó lè pòórá ni òdiwọ̀n àwìn tó wà lórí rẹ̀, èyí tó lè mú kí gbèsè orí káàdì tó kù dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i.

Ìyá Tèmídayọ̀, oṣù kọkànlá ti yá jù fún ìdí mìíràn. American Express kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ẹni tó bá pa káàdì dé tàbí tó sọ ọ́ di èyí tó kéré jù kí oṣù 12 tó pé, àwọn lè gba $250 yẹn padà. Ẹ jẹ́ kí ọdún náà pé, kí $95 wọlé sínú ìwé ìṣirò. Láti ọjọ́ tí ìwé ìṣirò yẹn bá ti jáde, ẹ ní ọjọ́ 30. Tí ẹ bá pa á dé láàárín rẹ̀, wọ́n á dá $95 padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa á dé, ẹ kó ohun tí ẹ ná lọ́dún yẹn jọ, ẹ ṣe ìṣirò Ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá mówó wọlé mọ́, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di Everyday fún yín. Àkáǹtì kan náà ló máa jẹ́, wọn kò sì ní yẹ ìwé kírẹ́díìtì yín wò torí rẹ̀. Ẹ lo owó cash back tó bá wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó pa ohunkóhun dé, torí ńṣe ni wọ́n máa ń fi í dín gbèsè káàdì yín kù. Tí àkáǹtì bá ti kú, ó ti lọ nìyẹn.